Bi Lọ́yà Léèrè: "Mo sanwó wọ etíkun, pákó kán mọ́ mi lẹ́sẹ̀"

Èkìtì kò ní òkun. Ilẹ̀ olókè ni tiwa. Síbẹ̀, bí ọdún bá ti ń parí lọ, tàbí bí ọdún Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ti ìjọ àti ti ilé ẹ̀kọ́ a máa tò láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìkọ̀lé lọ sí Èkó láti lọ wo òkun, pàápàá ní àwọn etíkun aládàáni tí wọ́n ti ń gba owó ní géètì. Àwọn tó fara pa níbẹ̀ ti ń kọ̀wé sí mi. Mẹ́rin nínú lẹ́tà wọn ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù, nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin náà dùn mí, bí a bá sì ti tú u palẹ̀ dáadáa, èyí tó kù kò ní le.

*Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹgbẹ́ wa dá owó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì, a ní ká lọ ṣe fàájì ìparí ọdún ní Èkó. A gba Àkúrẹ́ já sí Oǹdó, a gba Ọ̀rẹ̀, oòrùn ti ga ká tó dé apá Lẹ́kí. Etíkun aládàáni ni wọ́n mú wa lọ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní géètì, wọ́n so rọ́bà pupa mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́. Láti abẹ́ àtíbàbà wọn, àtẹ̀gùn pákó ni ènìyàn ń gbà sọ̀ sórí iyanrìn. Mo gbé kúlà oúnjẹ dání. Pákó kan kán lójijì, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wọlé dé orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì kán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ lójú gbogbo wa pé, "A ti sọ fún ọ̀gá nípa pákó yìí." Mánéjà fún wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ó ní ká fi wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ó wá nawọ́ sí pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá wọlé, ewu orí ara rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Adó ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Fún oṣù mẹ́rin, n kò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ mi ní ta ló ń pe òkun lẹ́jọ́. Nígbà tí ọmọ mi pe ọ̀gá wọn lórí fóònù, ó ní ilẹ̀ kì í ṣe tòun, ọwọ́ ẹbí kan lòun ti gbà á háyà, ká lọ bá onílẹ̀. Ṣé mo ní ẹjọ́ kankan?*
*Ìyá aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora. Ẹ ní ẹjọ́, ẹjọ́ tó lágbára sì ni.

Òótọ́ ni bàbá sọ, kò sẹ́ni tó ń pe òkun lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òkun kọ́ ló ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀. Pákó ni. Ènìyàn ló kan pákó yẹn mọ́bẹ̀, ènìyàn ló fi í sílẹ̀ títí ó fi jẹrà, ènìyàn náà ló sì gba owó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́lé sétí òkun mọ̀ pé iyọ̀ inú atẹ́gùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ìṣó pẹ́. Orí ìṣó lè ṣì wà lójú pákó kó dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é, kí ìdí rẹ̀ nínú igi lọ́hùn-ún sì ti dípẹtà tán pátápátá. Aránṣọ láti Ìkẹ́rẹ́ kò lè fojú rí i. Ẹni tí ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àtẹ̀gùn náà, kó máa fi òòlù kàn án wò, kó sì máa pààrọ̀ èyí tó bá ti rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ara ohun tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún rà nìyẹn.

Ohun tí òfin wí kò ṣòroó lóye. Láti 1932, nínú ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson tí obìnrin kan pè ní ilẹ̀ Skọ́tílàńdì nítorí ìgbín tó jẹrà sínú ìgò ohun mímu, ni ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kí oníkálukú ṣọ́ra kí ìwà rẹ̀ má ṣe ẹni tó yẹ kó rò tẹ́lẹ̀ pé ó lè kàn ní jàǹbá. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà náà ń lo ìlànà yìí. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó fi hàn: pé ẹni yẹn jẹ yín ní ìṣọ́ra, pé kò ṣe é, àti pé àìṣe rẹ̀ ló fa ìpalára yín. Ní ti ilé àti ilẹ̀ tí àlejò ń wọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, tó tẹ̀lé èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1957. Ohun tó wí ni pé ẹni tí ibì kan wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá tó bọ́gbọ́n mu kí ara àlejò tó wọlé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀ lè wà láìléwu, nídìí ohun tó tìtorí rẹ̀ gbà á wọlé.

Ẹ kíyè sí i pé n kò pè é ní onílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá etíkun yẹn ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yí yín lórí. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún aráàlú, nítorí náà bí a bá ní ká máa wá onílẹ̀ kiri lórí etíkun, a ò ní tètè dé ibi tí à ń lọ. Ohun tí kọ́ọ̀tù yóò béèrè ni pé, ta ló ń darí ibẹ̀? Ta ló fi géètì síbẹ̀, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tó gba àwọn ọmọ síṣẹ́, tó lè sọ pé kí wọ́n ti àtẹ̀gùn náà pa lónìí? Ẹni yẹn ni. Ẹbí tó yá a nílẹ̀ náà lè wà nínú rẹ̀, bí ìwé àdéhùn wọn bá fi àtúnṣe àtẹ̀gùn sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn. Ẹni méjì lè di ibì kan mú lẹ́ẹ̀kan náà lójú òfin. Ní 1966, nínú ẹjọ́ Wheat àti Lacon tó wá láti ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlejò kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ọtí lálẹ́, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ ní iléeṣẹ́ tó ni ilé náà àti mánéjà tó ń gbé inú rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ìṣọ́ra kàn. Opó ọkùnrin náà kò rí owó gbà nígbẹ̀yìn, nítorí wọn ò rí àṣìṣe kankan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: ó jọ pé àjèjì kan ló yọ gílóòbù àtẹ̀gùn náà kété kó tó ṣubú. Ti yín kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti kìlọ̀ fún ọ̀gá wọn.

Gbólóhùn tí ọmọ yẹn sọ, "A ti sọ fún ọ̀gá nípa pákó yìí," níye lórí ju ohun gbogbo tó kù nínú ẹjọ́ yín lọ. Ó fi hàn pé wọ́n mọ̀, wọn ò sì ṣe nǹkan kan. Màmá, lónìí yìí, kó tó di ọ̀la, ẹ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́ ọ jọ. Kí oníkálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe gbọ́ ọ, láìjókòó kọ ọ́ pọ̀. Kí wọ́n kọ bí ọmọ náà ṣe rí, aṣọ tó wọ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ parọ́.

Ó wá ku pátákó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà gbọ́ pé bí àwọn bá ti lè kọ ọ́ pé ewu orí ẹni ni ẹni gbé, ó ti tán nìyẹn. Bí ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín bá kọ ọ́ sára ewé pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí inú ń run, òun kọ́, ṣé ìyẹn ní kó máa fi ẹ̀wà tó ti bà jẹ́ sè é? Ohun mẹ́ta ló ba pátákó yẹn jẹ́. Èkíní, inú lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ọtí, lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó ní géètì. Ní 1949, nínú ẹjọ́ Olley tó dá lórí aṣọ onírun tí wọ́n jí ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá kò lè di ara àdéhùn tí àlejò ti ṣe tán ní ìsàlẹ̀ kó tó gòkè wọ yàrá. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbà á yẹ̀ wò dáadáa. Èkejì, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò gbà kí oníṣòwò fi àdéhùn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi àìbìkítà tó burú jáì. Kí wọ́n sọ fún ọ̀gá pé pákó ti jẹrà, kó sì tún máa gba owó kí àlejò máa gba orí rẹ̀ kọjá, lójú tèmi, ó ti burú dé ibẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní kí ìkìlọ̀ tó bá fẹ́ gbé ewu karí oníbàárà hàn kedere, kó wà lédè tó rọrùn, kó sì dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀ kó tó sanwó. Ẹ̀kẹta, ewu tí irú pátákó bẹ́ẹ̀ lè tọ́ka sí ni ewu tí ẹni tó ń lọ sétí òkun ti ń retí: omi, ìgbì, oòrùn. Kò sẹ́ni tó ń retí pé òun lè já sínú àtẹ̀gùn.

Wọn yóò fẹ́ fi kúlà tí ẹ gbé dání dá yín lẹ́bi. Wọn á ní ẹ kò wo ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Bí adájọ́ bá rí i pé ẹ̀bi kan wà lọ́wọ́ yín, ńṣe ni yóò yọ díẹ̀ nínú owó gbà-máà-bínú gẹ́gẹ́ bí ìpín ẹ̀bi yín. Kò ní da ẹjọ́ nù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tó ní kí ènìyàn wá jẹun létíkun mọ̀ pé wọn yóò gbé oúnjẹ wá.

Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tí wọ́n fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn? Ẹ rántí dáadáa. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí nǹkan kan tó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, owó ọkọ̀ lásán ni, ẹ kò sì tíì ta ẹ̀tọ́ yín. Bí wọ́n bá tún pè, tí wọ́n ní ẹ wá gba díẹ̀ sí i, ẹ má fọwọ́ síwèé kankan láìjẹ́ pé lọ́yà yín ti kà á.

Ní ti owó tí ẹ lè gbà, ọ̀nà méjì ló pín sí. Ọ̀kan ni owó tí ẹ ti ná tàbí tí ẹ ti pàdánù: iṣẹ́ abẹ, oògùn, ọkọ̀ láti Èkó padà sí Èkìtì, àti iṣẹ́ oṣù mẹ́rin tí ẹ kò lè ṣe. Adájọ́ kì í gba èyí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ ó fi ẹ̀rí gbè. Ẹ kó ríṣíìtì ọsibítù jọ, àwòrán egungun tí wọ́n yà, ìwé dókítà, àti ìwé tí ẹ fi ń kọ wíwọ̀n aṣọ oníbàárà. Ìwé wíwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì gidi. Bí ó bá fi hàn pé aṣọ báyìí-báyìí lẹ máa ń gbà lóṣù kan kí ẹ tó fara pa, tí ojú ìwé oṣù mẹ́rin wá ṣófo, adájọ́ yóò rí àdánù yín kedere. Ọ̀nà kejì ni owó ìrora àti ìdààmú, àti bí ẹsẹ̀ náà ṣe lè máa dun yín bí ọjọ́ bá ń lọ. Ìyẹn kò ní ríṣíìtì, ọwọ́ adájọ́ ló wà.

Àwòrán tàbí fídíò àtẹ̀gùn náà tó bá wà lórí fóònù ẹnikẹ́ni, kó má pa á rẹ́, kó má sì fi fóònù náà tọrẹ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó béèrè kí kọ́ọ̀tù tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọlé, lọ́yà yóò sì nílò ìwé láti ọwọ́ ẹni tó ni fóònù tàbí tó yà á. Bí ẹ bá ṣì ní rọ́bà pupa ọrùn ọwọ́ yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí owó tí ẹ san ní géètì.

Èkó ni ẹjọ́ yìí yóò wà, nítorí ibẹ̀ ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí ẹ fẹ́ pè ti ń ṣòwò. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Nítorí náà, kí lọ́yà yín kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí wọn, kó to gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, kó fún wọn ní gbèdéke ọjọ́. Irú ẹjọ́ yìí lè parí síbẹ̀. Ìjọba Èkó tún ní ibi ìlàjà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, ẹ lè gba ibẹ̀ kí ẹ tó dé kọ́ọ̀tù. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù ẹ̀sùn kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2018. Ìyẹn kò bá tiyín mu, gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Bí owó lọ́yà bá wọ́n yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Adó, kí wọ́n wo bóyá owó tó ń wọlé fún yín bá ìlànà wọn mu.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ọdún mẹ́ta ni òfin Èkó fún ẹni tó fara pa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn, láti ọjọ́ tó fara pa. Bí ẹ bá ń lérí, tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀, tí ẹ ń dúró dè wọ́n títí ó fi kọjá, wọn yóò kàn fi ọjọ́ lé ẹjọ́ náà sígbó ni, bí ó ti wù kí ó dára tó.

*Ọmọ ogún ọdún ni ọmọkùnrin mi, ó wà ní yunifásítì. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí etíkun aládàáni kan ní Èkó. Ó sọ fún mi pé àsíá pupa wà lókè, pé ẹnì kan tiẹ̀ fọn fèrè, ó ní kí wọ́n jáde nínú omi, ṣùgbọ́n wọ́n padà wọlé. Omi gbé e lọ. Àwọn omùwẹ̀ ibẹ̀ ló yọ ọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù. Ṣé kò yẹ kí onílé náà san owó ọsibítù yìí?*
*Bàbá kan, Ìjerò-Èkìtì*

Bàbá, ẹ kú orí ire ọmọ. Ẹjọ́ yìí yóò ṣòro fún yín, n kò sì fẹ́ kí ẹ náwó sí i lásán.

Nínú ẹjọ́ Tomlinson ní 2003, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan bẹ́ forí lélẹ̀ sínú adágún omi tí kò jìn ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọrùn rẹ̀ kán. Pátákó wà níbẹ̀ pé omi náà léwu, kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà da ẹjọ́ rẹ̀ nù, wọ́n ní àgbàlagbà tó rí ewu tó fojú hàn tó sì wọ inú rẹ̀, kò lè padà wá di ẹrù náà ru ẹni tó ni ibẹ̀. Ọmọ yín rí àsíá, ó gbọ́ fèrè, ó jáde, ó tún padà wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ ní àsíá, wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ omi, ẹni náà ló sì gbà á là. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ṣe.

Àwọn nǹkan kan ì bá yí èsì yìí padà. Òkun tó wà ní Èkó kì í ṣe omi tí a ń fojú wò ká sì mọ̀ ọ́n. Bí ìgbì bá ti ti omi wá sí èbúté, omi náà gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà sínú òkun pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà yẹn sábà máa ń dákẹ́ ju ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń yàn án láti wọlé. Bó bá ti fa ènìyàn, ẹni tó bá ń bá a jà láti padà tààrà sí èbúté ni ó máa ń rẹ̀ tó fi ń rì. Ṣe ni ó yẹ kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣòwò létíkun ń wo omi yẹn lójoojúmọ́, ó mọ ibi tí ó ti ń fà. Ọmọ Ìjerò tí kò rí òkun rí kò mọ̀. Lójú tèmi, ìmọ̀ yẹn gan-an ni ojúṣe onílé dúró lé. Àsíá pupa nìkan kò tó fún ẹni tí kò mọ ohun tí àsíá ń wí. Àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu géètì, lédè tí àlejò gbọ́, pé pupa ni pé omi léwu gan-an, pupa méjì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, pupa lórí ofeefee ni pé àwọn omùwẹ̀ ń ṣọ́ ibẹ̀. Ká ní kò sí fèrè, ká ní kò sí omùwẹ̀ kankan, ká ní wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún omi, ìmọ̀ràn mìíràn ni ẹ ò bá gbọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kí ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́.

*Ẹṣin tí wọ́n ń gùn létíkun ta ọmọ mi nípàá, eyín rẹ̀ méjì yọ. Ẹlẹ́ṣin ti sá lọ. Àwọn onílé ní àwọn kò ni ẹṣin.*
*Ìyá ọmọ, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹlẹ́ṣin ni ẹ̀bi kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, pàápàá bí a bá lè fi hàn pé ó mọ̀ pé ẹṣin náà máa ń tàpá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi onílé sílẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ẹlẹ́ṣin ń san owó ojoojúmọ́ fún wọn kí ó tó wọlé, bóyá wọ́n yan ibi tí ẹṣin yóò máa rìn, tàbí wọ́n jẹ́ kí ó máa kọjá láàárín àwọn ọmọdé tó ń fi iyanrìn ṣeré. Ẹni tó gba ẹlẹ́ṣin láàyè lórí ibi tó ń darí, tí kò sì fi ọgbà tàbí okùn ya ọ̀nà rẹ̀ sọ́tọ̀, ní èsì láti fọ̀. Orúkọ ẹlẹ́ṣin náà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà eyín, kó kọ iye tí eyín tuntun yóò ná yín sínú rẹ̀.

*Mo ń kọ́ ilé ìtura ní Adó. Mo fẹ́ ṣe adágún ìwẹ̀, kí n da iyanrìn yí i ká, kí n fi àgbọn sí i, kí àwọn tí kò lè lọ Èkó máa rí etíkun nílé. Ẹni tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ní kí n kàn kọ pátákó "ewu orí ẹni" síbẹ̀, pé ó ti tó. Ṣé òótọ́ ni?*
*Oníṣòwò, Adó-Èkìtì*

Rárá, ọ̀gá mi. Ẹ padà ka ohun tí mo wí fún màmá aránṣọ.

Ẹ kò ní ìgbì, nítorí náà ẹ kò ní òkun tí ẹ lè dá lẹ́bi. Gbogbo ewu tó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́ ẹ. Láti 1866 ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́, nígbà tí oníṣẹ́ gáàsì kan já sínú ihò tí kò ní ọgbà nínú iléeṣẹ́ ṣúgà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ẹni tó pe ènìyàn wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òwò gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ kúrò nínú ewu tí òun mọ̀ tàbí tó yẹ kí òun mọ̀. Ìlànà yẹn wà lára òfin tí a jogún.

Ọmọdé ni kí ẹ fi ṣáájú nínú èrò yín. Ní 1922, ilé ẹjọ́ gbà pé ìlú Glasgow ní ẹjọ́ láti jẹ́ nítorí ọmọ ọdún méje kan tó jẹ èso olóró lára igi tó rẹwà nínú ọgbà ìgbafẹ́, ó sì kú. Wọ́n ní ohun tó bá ń fa ọmọdé mọ́ra, kò tó láti kàn fi í sílẹ̀ pé òbí ni kó ṣọ́ ọ. Iyanrìn létí omi yóò fa ọmọdé mọ́ra ju èso lọ. Ẹ ṣe ọgbà tó ga yí omi náà ká, kí géètì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ti ara rẹ̀ pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lókè tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má gbin àgbọn sí ibi tí èso rẹ̀ yóò ti já lé àlejò lórí.

Ẹ gba omùwẹ̀ tó mọ iṣẹ́, kó má jẹ́ ọmọ tó ń gbé ọtí kiri náà ni yóò tún máa ṣọ́ omi. Kí ìdérí ojú ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ dúró ṣinṣin, nítorí ihò náà lè fa irun obìnrin mọ́lẹ̀. Bí omi bá ti dòbu tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ tì í pa lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá rì sínú omi dúdú, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ẹ bá iléeṣẹ́ ìbánigbófò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Láti 2003 ni òfin ti sọ ìbánigbófò di dandan fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ fún ìgbafẹ́ àti òwò, ṣùgbọ́n ìwólé, iná, ìjì àti àgbàrá ni dandan náà dá lé. Ẹ béèrè fún èyí tó kan ẹni tó fara pa nínú omi pàápàá, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ṣì lè kọ pátákó yín. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kó sọ ohun tó wúlò: bí omi ṣe jìn tó ní apá kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti bẹ́ forí lélẹ̀, àti pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wọlé láìsí àgbà. Ẹ kun iye jíjìn omi náà sí etí rẹ̀ pẹ̀lú, ní nọ́ńbà ńlá, kí ẹni tó dúró sínú omi lè rí i.